Àwọn Oníbúrẹ́dì Orí Báńà Wa

Orúkọ òyìnbó ni orúkọ ìdílé wa. N kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí ó ti dá wàhálà tó tó sílẹ̀ kí n tó tún gbé e sínú ìwé. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ inú Bíbélì tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́jọ́ ìrìbọmi, kì í sì í ṣe irú èyí tí àwọn Sàró gbé dé Èkó tí gbogbo ayé ti mọ̀. Orúkọ òyìnbó ará oko ni, irú èyí tí òyìnbó fúnra rẹ̀ máa ń ní kí wọ́n tún pè kí òun tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá dárúkọ ara mi lórí fóònù fún ẹni tí kò rí mi rí, tí mo wá yọjú sí i ní ọ́fíìsì, ó máa ń wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹni tí òun ń retí ṣì ń bọ̀.

Ní Òmù-Àrán tí agboolé wa wà, kò sẹ́ni tó ka orúkọ náà sí bàbàrà. Wọ́n ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí bàbá bàbá mi ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù, ó sì ti dà bí òkúta tó wà lójú ọ̀nà láti ọjọ́ pípẹ́: èèyàn á kàn yà fún un, á máa lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ni bàbá tó bí bàbá bàbá mi. Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa bàbá ńlá yìí ni pé ó dá oko iṣu, ó bí ọmọkùnrin mélòó kan, wọ́n sì sin ín sínú ilé. Bí àgbẹ̀ Ìgbómìnà ṣe dẹni tó ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin tó yẹ kó máa ta bọ́tà ní ìlú ọba, kò sẹ́ni tó bi í nígbà tó wà láàyè.

Ẹni tó pinnu láti bi í lẹ́yìn tó ti kú ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Èkó ló ń gbé. Ó ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ní ọ́fíìsì kan tó jẹ́ pé, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, ìwé kankan kì í kúrò lórí tábìlì bí òun kò bá tíì fọwọ́ sí i. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò sí nǹkan kan láyé tó ń dúró de ìfọwọ́sí rẹ̀ mọ́, nǹkan sì ń lọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn ún.

Ó pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà nílé mi ní Ìlọrin.

“Ìwọ ọ̀mọ̀wé,” ó ní, “ṣé o mọ̀ pé àwọn òyìnbó ti kó gbogbo ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì?”

“Mo gbọ́ bẹ́ẹ̀, sà.”

“O gbọ́, o sì jókòó? Bá mi wá wa níbẹ̀.”

“Ta ni kí n wá, sà?”

“Àwa ni mo ní! Àbí o ti gbàgbé orúkọ ara rẹ ni?”

Mo wá wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo rò pé n kò ní rí nǹkan kan, pé màá fi ìrọ̀lẹ́ kan wá a, màá sì pè é padà pé kò sí. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ya jáde bí eṣú. Àkọsílẹ̀ ìrìbọmi wọn wà níbẹ̀, ti ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ti ìsìnkú, ti ìkànìyàn, ti ogún pínpín. Òyìnbó tí kò ní ju ìkòkò kan àti àgùntàn kan lọ yóò kọ ìwé nípa ẹni tí yóò jogún ìkòkò. Mo rí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, àwọn tó ń fi koríko bo ilé, àwọn tó ń hun fìlà. Mo rí opó kan tí wọ́n bá wí nítorí pé ó ta ọtí lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sì rí ọkùnrin kan tí wọ́n pè lẹ́jọ́ torí pé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ń da àdúgbò láàmú. Gbogbo wọn ló ń jẹ́ orúkọ mi. Bí mo ṣe ń kà wọ́n, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí fún àwọn kan nínú wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ da orí mi rú ni pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń pín láàárín ara wọn. Bàbá á jẹ́ ẹ, ọmọ á jẹ́ ẹ. Bí ọmọ náà bá kú, wọ́n á tún fún èyí tó tẹ̀ lé e, bí ìyẹn náà bá kú, wọ́n á tún fi fún òmíràn. Níbi tiwa, wọn ì bá ti fura pé ọmọ kan ṣoṣo ló ń lọ tó ń bọ̀, wọn ì bá sì ti wá nǹkan ṣe sí i. Àwọn òyìnbó kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yóò fi parí, n kò mọ èyí tó kú mọ́, n kò sì mọ èyí tó gbéyàwó.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ẹ̀kọ́ ìtàn, mo ní kó là mí lọ́yẹ̀. Ó dá mi lóhùn ní gbólóhùn kan tó gùn tó ọ̀nà Òkè-Ọdẹ ní ìgbà òjò, tí kòtò inú rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di báyìí, n kò mọ ibi tí gbólóhùn náà já sí.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní tirẹ̀ kò ṣiyèméjì rárá. Gbogbo ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ sí i, ó ń ṣà á bí ẹni ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Àwọn olówó inú wọn di ìbátan wa. Ẹlẹ́dẹ̀ àti ọlọ́tí, ó ní ìdílé mìíràn ni wọ́n, wọ́n kàn ń jẹ́ orúkọ wa ni. Ó tún rí àmì ìdílé kan níbì kan, àwòrán ẹyẹ kan tó gbé nǹkan sẹ́nu. Ó ní idì ni.

Lẹ́yìn náà ló rí ìyá àgbà òyìnbó kan tó ń jẹ́ orúkọ wa, tó sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpa ìdílé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ̀wé sí i lórí kọ̀ǹpútà, ìyá náà dá a lóhùn kíá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní mọ̀lẹ́bí kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ìyá náà ya igi ìdílé rẹ̀ fún un, baba lókè, ọmọ nísàlẹ̀. Lórí ẹ̀ka kan nínú igi yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ìwé sọ pé ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé dákẹ́. Wọn kò rí ìgbéyàwó rẹ̀, wọn kò rí ìsìnkú rẹ̀.

“Ọ̀dọ̀ wa ló wá!” ẹ̀gbọ́n bàbá mi kígbe sí mi létí.

“Sà, òkun jìnnà sí Òmù-Àrán.”

“Ṣé kò lẹ́sẹ̀ ni?”

“Ọdún rẹ̀ kò bára mu, sà. Bí ó bá jẹ́ òun ló bí bàbá ńlá wa, ó ní láti jẹ́ arúgbó kùjọ́kùjọ́ nígbà tó bí i.”

“Àwọn èèyàn ìgbà yẹn lágbára.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ibi tí ìwé àwọn òyìnbó parí sí, ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ ìdílé wa. Ìyá òyìnbó ní kí ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ó sì fi í ránṣẹ́. Kò gbọ́ nǹkan kan fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí èsì yóò fi dé, ìyá ní òun rí imú ìdílé àwọn lójú rẹ̀. Mo wo fọ́tò náà pẹ́. Imú ìyá rẹ̀ ni, Àjàṣẹ́-Ìpo ni wọ́n ti gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ ì bá mọ síbẹ̀, kó jẹ́ eré àgbà tó fẹ̀yìn tì, ká ní olórí agboolé wa kò kú. Ojúlé méjì ló wà nílé wa, wọ́n sì ń jẹ olórí ní àjẹyípo. Ti ojúlé kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú yìí, ó wá kan wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sì dàgbà jù láàárín àwọn ọkùnrin ojúlé wa. Àyè yìí kò kan bàbá tirẹ̀ títí tó fi kú. Orí ìlà ló kú sí. Òun náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí wọ́n bá fò ó lọ́tẹ̀ yìí, tí àyè náà padà sí ojúlé kejì, kò ní bá a láyé nígbà tó bá tún yí dé. Mo mọ̀ pé nínú gbogbo ohun tó ń sọ nípa ìlú ọba, ohun kan ṣoṣo tó kù tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ láyé nìyẹn: kí ó jókòó níbi tí bàbá rẹ̀ kò dé, kí wọ́n máa kí i lórí ìdọ̀bálẹ̀ ní àárọ̀, kí wọ́n má lè pín ilẹ̀ tàbí gba ìyàwó wọlé láìjẹ́ pé ó gbọ́.

Òfin kan wà o. Ọmọ bíbí inú ilé, láti ọ̀dọ̀ bàbá, nìkan ló lè jẹ olórí. Àtọ̀húnrìnwá, a ó fún un nílẹ̀, a ó fún un níyàwó, a ó bá a sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ṣùgbọ́n a kì í fún un ní àga yẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mọ òfin yìí jù mí lọ. Síbẹ̀, nígbà tó ń bọ̀ láti Èkó fún ìpàdé, ó gbé báńà dání. Ó ti gbé igi ìdílé ìyá òyìnbó lọ fún àwọn tó ń tẹ báńà ìsìnkú, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà, ó fẹ̀ tó ẹní. Ẹyẹ náà wà lókè, àwọn òyìnbó tẹ̀ lé e ní ìpele ìpele, nísàlẹ̀ pátápátá ni fọ́tò ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà, pẹ̀lú táì. Ó ní òun fẹ́ kí gbogbo ilé mọ irú ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò.

“O ń jowú,” ó ní.

“Fọ́tò mi kò kúkú sí níbẹ̀, sà.”

“Ìdí nìyẹn tó o fi ń jowú.”

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ni ìpàdé ti wáyé, wọ́n sì gbé báńà kọ́ ara ògiri. Nínú ojúlé kejì, Àlhájì kan wà tó ń ra gàrí ní Òkè-Ọdẹ kó lọ sí Ìlọrin. Kì í pariwo, kì í bínú, irú ẹni tí èèyàn ń bẹ̀rù jù lọ nínú ìpàdé ẹbí. Ó dìde, ó fọwọ́ sẹ́yìn, ó ka báńà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọjà tí kò ní rà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ta ni ti òkè pátápátá yìí?”

“Baba ńlá wa ni. Ó ń ṣe búrẹ́dì.”

“Ní Òmù-Àrán níbí?”

“Ní ìlú ọba.”

“Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?”

“Ọmọ rẹ̀ ni. Ìlú ọba náà ni.”

“Àti eléyìí?”

“Òun gan-an ló wọ ọkọ̀ ojú omi.”

“Tó wá gúnlẹ̀ sínú agboolé wa.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni!” Inú ẹ̀gbọ́n bàbá mi dùn pé ọ̀rọ̀ yé e kíákíá.

“Adìyẹ òkè yẹn ńkọ́? Ta ló bí i?”

“Idì ni!”

Àlhájì kọjú sí àwọn àgbà. “Ẹ̀yin bàbá, ẹ ti gbọ́. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Àwọn fúnra wọn ló wọ táì, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n sì fi tẹ báńà pé àlejò làwọn.”

Ìgbà yẹn ni mo rí i lójú ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé ó ti rí kòtò tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Bàbá tó dàgbà jù nílé, tí gbogbo wa rò pé ó ti sùn, ló sọ̀rọ̀ láìla ojú.

“Bí ohun tó wà lára ògiri yìí bá jẹ́ òótọ́, kó lọ jẹ olórí àwọn oníbúrẹ́dì. Bí kì í bá ṣe òótọ́, kí ló dé tó gbé e kọ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n wá ní ká padà wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, pé bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò bá lè fi hàn pé ọmọ ilé lòun, àwọn yóò wo ojúlé kejì. Gbogbo wa mọ̀ pé Àlhájì ni wọn yóò rí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní àárọ̀, ó pè mí sí yàrá.

“Bá mi wá ìwé tó sọ pé a kì í ṣe ọmọ wọn.”

“Ọmọ àwọn wo, sà?”

“Àwọn oníbúrẹ́dì!”

“Sà, ìwé kì í sọ ẹni tí èèyàn kì í ṣe. Ẹni tí èèyàn jẹ́ ni wọ́n ń kọ.”

“Kí wá ni ìwúlò gbogbo ìwé tí o kà?”

Ìbéèrè tí èmi náà ń bi ara mi láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Mo kọ̀wé sí ìyá òyìnbó, mo bi í bóyá ó dá a lójú pé ọ̀dọ̀ wa ni ọmọ wọn wá. Ó dá mi lóhùn pé nínú irú iṣẹ́ yìí kò sí ohun tó ń dáni lójú, ṣùgbọ́n òun ti sọ fún àwọn ọmọ òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì, inú wọn sì dùn, pé yóò dun òun bí òun bá pàdánù wa. Ó yà mí lẹ́nu pé ó dun èmi náà díẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn opó tó ń ta ọtí yẹn.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló rán wa létí pé ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin ilé ṣì wà láàyè, pé Èsìẹ́ ló ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. A wọ mọ́tò, a lọ. Èsìẹ́ yìí kan náà ni wọ́n kó àwọn ère òkúta sí, àwọn tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn tàbí ibi tí wọ́n ti wá. Bí a ṣe ń kọjá, mo ronú pé kò sẹ́ni tó ní kí àwọn yẹn wá fi hàn pé ọmọ ilé làwọn. N kò sọ ọ́ síta. Ẹni tó jókòó tì mí kò sí nínú ẹ̀rín.

A bá Ìyá lórí ẹní níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Ìgbómìnà ìjìnlẹ̀ ló ń sọ. Mo tún un kọ síbí kó lè yé ẹni tí kì í ṣe ará ilé. Ó ti wọlé wa kí wọ́n tó bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó sì ń pe àwa méjèèjì ní ọkọ rẹ̀, èmi tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ọdún púpọ̀ jù lọ.

“Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀. Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá,” ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní. “Orúkọ wa la bá wá.”

“Ṣé ó sọ nù ni?”

Ó ṣàlàyé fún un, ó fo apá ibi tí báńà wà. Ìyá ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

“Ìyẹn?” ó ní nígbà tó parí. “Ìyẹn kì í kúkú ṣe orúkọ rẹ̀. Ìyàwó ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ìyàwó ta ni, Ìyá?”

“Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyálé àwọn ìyálé mi. Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, ó bá ọkọ rẹ̀ kékeré yìí nílẹ̀. Ṣé kó wá la ẹnu pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ ni? Ó ní láti wá nǹkan tí yóò máa pè é.”

“Kí ló dé tó fi jẹ́ ti òyìnbó?”

“Òyìnbó kan ló ń la ọ̀nà nígbà náà. Wọ́n ní kì í fọwọ́ kan ọkọ́. Ọ̀pá ló ń nà: gbẹ́ ibí, gbẹ́ ọ̀hún. Ọkọ wa náà, bí ó bá dé oko, etí ebè ló ń dúró sí. Á máa nawọ́. Ìyàwó wò ó títí, ó ní òun ti rí orúkọ.”

Ojú ẹ̀gbọ́n bàbá mi dà bí ti ẹni tó jẹ ata. “Ìyá, ṣé ọ̀lẹ ni bàbá ńlá wa ni?”

“Ta ló pè é lọ́lẹ? Mo ní ó máa ń nawọ́.”

“Báwo ló ṣe wá di orúkọ gbogbo wa?”

“Nígbà tí ọmọ dé iléèwé, tí tíṣà bi í pé kí ni wọ́n ń pe bàbá rẹ̀, ohun tó ń gbọ́ lágbàlá láràárọ̀ ló sọ.” Ó da èèpo ẹ̀gúsí nù, ó ronú díẹ̀. “Àbí fìlà ni?”

“Fìlà báwo, Ìyá?”

“Àwọn kan ní òyìnbó yẹn fún un ní fìlà tó ti ya, tí kò bọ́ ọ lórí mọ́, àní bí ó bá fẹ́ sùn.”

“Èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì?”

“Ọkọ mi, ṣé èmi wà níbẹ̀ ni? Bí wọ́n ṣe sọ fún mi ni mo ṣe sọ fún ọ. Mú èyí tó wù ọ́.”

Mo rò pé ọ̀nà kan ṣì kù. “Ìyá, kí ni orúkọ rẹ̀ gan-an? Èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́?”

Ìyá wò mí bí ẹni tí mo ní kó bọ́ṣọ. “Ọkọ mi ni! Ṣé kí n fi ẹnu mi yìí pe orúkọ ọkọ mi?”

“Ó ti pẹ́ tó ti kú, Ìyá.”

“Ṣé ó ti wá di àbúrò mi nítorí pé ó kú? Ẹ lọ bi àwọn ọkùnrin.”

Àwọn ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n ti wà nínú ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kúrò ní Èsìẹ́: a ti mọ ẹni tó sọ wá lórúkọ, a kò mọ ìdí rẹ̀, ẹni ṣoṣo tó mọ orúkọ wa gan-an kò sì lè pè é. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọjú sí mi nínú mọ́tò.

“Má sọ ti fìlà fún wọn,” ó ní.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Báńà ṣì wà lára ògiri, kò sẹ́ni tó ká a. Nídìí òpó tó wà létí ẹnu ọ̀nà ni àga olórí agboolé wà, awọ àgùntàn lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ ohun tí a gbọ́ lẹ́nu Ìyá, nítorí pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọ̀fun ń dun òun. Mo sọ ọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan mi orí. Àlhájì nìkan ni kò ṣe méjèèjì.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “níjọ́sí ẹ jẹ́ ọmọ oníbúrẹ́dì. Lónìí ẹ ti di ọmọ àgbẹ̀. Kí lẹ máa jẹ́ bí a bá tún sún un síwájú?”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi na ọwọ́ sí ọ̀nà Èsìẹ́. “Ẹ lọ bi Ìyá!”

“Ìyá fẹ́ràn yín. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹni kì í ṣọ́ ẹnu sọ̀rọ̀.” Ó yíjú lójijì, bí ẹni tí nǹkan sọ sí lọ́kàn. Ó wo ìta, níbi tí àwọn ìyàwó ilé ti ń se oúnjẹ wa. Ó pè wọ́n. Àwọn àgbàlagbà inú wọn wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kúnlẹ̀.

“Ẹ̀yin ìyàwó, kí lẹ ń pe ọkọ yín ará Èkó yìí?”

Wọ́n pe orúkọ òyìnbó wa lẹ́ẹ̀kan náà, gbọnmọgbọnmọ, bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe ẹni tó wà lódò.

“Kí ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́?”

“Ẹ̀wọ̀!” Wọ́n bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa. Ojúlé tèmi ńkọ́? Kí lorúkọ tí a fi ń kọ ìwé?”

Wọ́n wo ara wọn. Orúkọ bàbá ńlá Àlhájì ni ojúlé kejì ń jẹ́, orúkọ Yorùbá gidi, wọ́n kọ ọ́ sára géètì gàdàgbà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó la ẹnu.

“Ti ọ̀hún,” obìnrin kan sọ níkẹyìn. “Ti ojúlé ọ̀hún.”

“Ẹ má pè é. Ẹ ṣeun.” Àlhájì yí padà. Mo rí i pé inú rẹ̀ kò dùn sí ohun tó fẹ́ sọ, nítorí àga náà ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Orúkọ baba tèmi, wọn ò lè pè é. Ti ẹ̀gbọ́n, wọ́n fi ń ṣeré. Òbúkọ tó wà lẹ́yìnkùlé yẹn pàápàá ń jẹ́ ẹ, ẹ kò gbọ́? Bí ó bá jẹ́ pé baba wọn ló gbé orúkọ yẹn dé láti ibikíbi, orúkọ ọkọ ni ì bá jẹ́, kò sí ìyàwó tí ì bá máa pariwo rẹ̀ lágbàlá. Ìyàwó ló fún un. Ìyàwó kì í sì í fún àlejò lórúkọ báyẹn. Ọkọ rẹ̀ tó bá nílé ló ń sọ lórúkọ.”

Ariwo sọ. Èmi jókòó síbẹ̀, orí mi tún dàrú. Mo ń ronú pé bóyá nítorí pé orúkọ òyìnbó ni, kò tiẹ̀ dà bí orúkọ létí wọn. Bóyá oníbúrẹ́dì ni, bóyá òyìnbó ọ̀nà ni, bóyá fìlà ni. Irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní yunifásítì nìyẹn. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Bàbá tó dàgbà jù la ojú lọ́jọ́ yẹn. Ó wo ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

“O ti gbọ́ tàwọn ìyàwó. O sì ti gbé tìrẹ kọ́ ògiri. Bí o bá gba tàwọn ìyàwó, orúkọ tí wọ́n fi ṣe ẹ̀sín bàbá ńlá rẹ lo ń jẹ́ láti ọjọ́ yìí, o sì jẹ́ ọmọ wa. Bí o bá gba ti ògiri, o jẹ́ òyìnbó, a ó máa kí ọ bí o bá wá. Èwo lo gbà?”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti wà lórí ìdúró láti ìgbà tí Àlhájì ti bẹ̀rẹ̀. Báńà wà lápá òsì rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ àti táì rẹ̀. Àga wà lápá ọ̀tún. Ó wo báńà. Ó wo àwọn obìnrin tó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń di ẹ̀rín mọ́ ẹnu. Ó la ẹnu. Mo rò pé yóò ṣàlàyé, nítorí n kò rí i rí láyé mi kó má ṣàlàyé. Ó kàn jókòó sórí awọ àgùntàn náà.

Bóyá ó gbà ni, bóyá orúnkún rẹ̀ ni kò gbà á mọ́, títí di òní n kò mọ̀. N kò sì tíì rí ẹni tó mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í. Kí n tó yíjú, bàbá tó dàgbà jù ti gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ilé ti ń ṣe àmín, ẹnikẹ́ni kì í sì í dìde nígbà àdúrà.